Pákó Kánádà Àti Àyẹ̀wò Tí Kì Í Gbọ́ Ẹjọ́ Olùrà

Ní àárín ọdún 2025, Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba tí ń ṣe àkóso òwò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde èsì àyẹ̀wò kẹfà tí ó ṣe lórí owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí pákó tí ó ń ti Kánádà wọlé. Owó tí ó jẹ́ 14 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń la pákó ní Kánádà fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di 35 àti díẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò tíì sinmi nígbà tí Ààrẹ Trump tún fi 10 mìíràn lé e ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà, tí ó ní nítorí ààbò ilẹ̀ òun ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú pákó tí iye rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là kọjá ẹnu ibodè lẹ́yìn ọjọ́ náà ní láti fi nǹkan bí dọ́là márùndínláàádọ́ta sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà fún un.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè bi wá pé kí ni pákó òyìnbó ń wá nínú ìwé ìròhìn wa. Ìdáhùn wa ni pé kò sí ìpàdé òṣèlú kan tí a kì í ti í gbọ́ pé kí ìjọba dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò jókòó ti irú ààbò bẹ́ẹ̀, kí ó wo ohun tí ó dà lẹ́yìn ogójì ọdún. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà fún wa ní àyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá. Ààlà ilẹ̀ wọn kan ara, wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn ju bí wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn lọ, síbẹ̀ láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ pákó mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ náà fún aráyé gbọ́ a máa pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní dọ́ńpíǹgì, tí àwa yóò máa pè ní títà-dànù. Bí oníṣòwò kan bá ń ta ọjà rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè ní iye tí ó rẹlẹ̀ sí èyí tí ó ń tà á ní ilé, tàbí ní iye tí kò tó owó tí ó fi ṣe é, wọn a ní ó ń tà á dànù. Bí ó bá sì hàn pé títà-dànù náà ń pa àwọn tí ń ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀ lára ní ìlú tí ó ń kó o lọ, òfin òwò àgbáyé gbà kí ìlú náà fi owó ibodè dí àlàfo tí ó wà láàrin iye méjèèjì. Èkejì ni ìrànwọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ni ó ń ti oníṣòwò lẹ́yìn tí ó fi lè tà lọ́pọ̀, owó ibodè mìíràn wà tí a fi ń pa ìrànwọ́ náà rẹ́. Lórí pákó Kánádà, Amẹ́ríkà ń gba méjèèjì pọ̀. Nínú 35 àti díẹ̀ tí a wí lókè, 20.56 jẹ́ ti títà-dànù, 14.63 sì jẹ́ ti ìrànwọ́.

Ẹ̀sùn ti ìrànwọ́ ni ó pẹ́ jù nínú méjèèjì, kò sì ṣòro fún ẹni tí ó bá mọ ohun tí à ń pè ní igbó ọba ní ilẹ̀ Yorùbá láti lóye rẹ̀. Ní Kánádà, igbó ọba ni ó pọ̀ jù. Ní ìpínlẹ̀ British Columbia, ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá igbó ibẹ̀ lọ tí ó jẹ́ ti ìjọba. Ìjọba ni ó ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní àyè láti gé igi, òun náà ni ó sì ń dá iye owó ìdí igi tí wọn yóò san. Ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìhà gúúsù, igbó tí ó jẹ́ ti ẹni kọ̀ọ̀kan ni ó pọ̀, igi a sì máa lọ sọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù. Àwọn olùlàpákó Amẹ́ríkà ní owó ìdí igi tí ìjọba Kánádà ń gbà kéré jù, ẹ̀bùn ni, wọ́n kàn fi aṣọ bò ó ni. Kánádà dáhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé igbó tiwọn jìnnà, otútù kì í jẹ́ kí igi ibẹ̀ tètè dàgbà, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n ń la ọ̀nà inú igbó tí wọ́n sì ń tún igi gbìn.

Lójú tiwa, ẹ̀sùn náà kì í ṣe òfìfo. Níbikíbi tí ìjọba bá ti jẹ́ onílẹ̀, tí ó sì tún jẹ́ ẹni tí ń wá ìbò àwọn òṣìṣẹ́ inú igbó, ojú àánú a máa wọ inú owó ìdí igi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bá àwọn agégẹdú wa ṣe pọ̀ rí kò ní bá wa jiyàn lórí èyí.

Ìtàn ìjà náà gùn, ṣùgbọ́n a ó gé e kúrú. Ẹ̀sùn ti 1982 já sí òfo ní 1983, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wí pé òun kò rí ìrànwọ́ tí ó tó fi owó lé. Wọ́n tún gbé e dìde ní 1986, kí ọdún náà sì tó parí, Kánádà gbà láti máa fúnra rẹ̀ gba 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ àwọn olùlàpákó rẹ̀ kí pákó tó jáde, kí owó náà lè dúró sí ilé dípò kí ó bọ́ sápò Amẹ́ríkà. Ní 1991, Kánádà jáwọ́ nínú àdéhùn yìí, ìjà tún dé. Ní 1996, wọ́n ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún. Ó parí ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn oṣù Ẹrẹ́nà 2001, kò sì ju ọjọ́ méjì lọ tí ẹ̀sùn tuntun fi dé. Ìgbà yìí gan-an ni ẹ̀sùn títà-dànù kọ́kọ́ darapọ̀ mọ́ ti ìrànwọ́, méjèèjì pọ̀ sì mú owó ibodè lé ní 27 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2002. Àdéhùn mìíràn dé ní 2006, ó sì parí ní oṣù Ọ̀wàrà 2015. Ẹ̀sùn tí ó wà nílẹ̀ títí di òní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Bélú 2016, àṣẹ rẹ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2018.

(Ohun ẹ̀rín kan wà nínú ìtàn yìí tí a kò fẹ́ kí ó ṣẹ́yìn wa. Kánádà tí ń ké lónìí ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin ìdènà títà-dànù ní gbogbo ayé, ní ọdún 1904, nítorí irin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kó wọ inú rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa kọ̀wé kì í ṣe pé Amẹ́ríkà ń gba owó ibodè. Ìlú tí kò gbà á kò sí. Àyẹ̀wò owó náà ni a fẹ́ kí ẹ bá wa wò, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo agbára wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn kì í sì í fi ojú sí i. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún láti mọ̀ bóyá kí àṣẹ náà kú tàbí kí ó wà. Ní ìparí ọdún 2023, Ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìṣòwò Amẹ́ríkà pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè dájọ́ pé bí a bá mú owó náà kúrò, ìpalára yóò padà wá, nítorí náà ó wà síbẹ̀. Èkejì ni àyẹ̀wò ọdọọdún, èyí tí ó ń sọ iye tí owó náà yóò jẹ́. Èyí ni ó le jù.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, owó ibodè jẹ́ ohun tí a mọ̀ ṣáájú. Ẹ dé ibodè, ẹ san án, ẹ bá tiyín lọ. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀ lórí títà-dànù àti ìrànwọ́. Ohun tí oníṣòwò ń san lẹ́nu ibodè jẹ́ owó àfisílẹ̀ lásán. Iye tí ó jẹ ní tòótọ́ kò ní hàn títí àyẹ̀wò ọdún náà yóò fi jáde, èyí sì lè gbà ju ọdún kan àbọ̀ lọ lẹ́yìn tí ọdún náà bá ti parí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ilé ìlapákó kékeré kan ní Quebec ta pákó sí Amẹ́ríkà ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, owó àfisílẹ̀ ti títà-dànù jẹ́ 4.76 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó san án, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó rí i pé èrè díẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ta ọjà rẹ̀. Pákó náà di òrùlé, onílé wọ inú ilé rẹ̀, ó bí ọmọ síbẹ̀. Ní 2025 ni àyẹ̀wò lórí ọdún 2023 jáde, tí wọ́n sì wí pé kì í ṣe 4.76 ni ó yẹ kí ó san bí kò ṣe 20.56. Bí kò bá sí ẹjọ́ tí ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró, gbèsè ni ìyókù náà, èlé sì wà lórí rẹ̀. Ta ni yóò padà tọ oníbàárà ọdún méjì sẹ́yìn lọ pé kí ó fi díẹ̀ kún owó pákó tí ó ti fi kọ́lé?

Èyí tí ó tún burú jù ni pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tilẹ̀ ṣí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kékeré náà wò. Àwọn tí ń la pákó ní Kánádà pọ̀ ju kí a máa yẹ ìwé gbogbo wọn wò lọ, nítorí náà àwọn ńlá díẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ń mú. Lórí ọ̀rọ̀ títà-dànù, Canfor àti West Fraser ni wọ́n mú fún èyí tí ó jáde ní 2025. Ohun tí wọ́n bá rí lára àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pín dọ́gba fún gbogbo àwọn yòókù. Nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí ó bá yẹ ìwé ìdánwò ọmọ méjì wò, tí ó sì fún gbogbo kíláàsì ní máàkì kan náà, ẹnu àwọn òbí kò ní jẹ́ kí ó sùn.

Ẹ wo bí iye náà ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, títà-dànù àti ìrànwọ́ pọ̀, fún àwọn tí a kò yẹ ìwé wọn wò. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 20.23 ní 2018. Ní ìparí 2020 ó bọ́ sí 8.99. Ní 2021 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Ní 2022 ó di 8.59, ní 2023 ó di 7.99, ní 2024 ó lé ní 14, ní 2025 ó di 35.19. Kò sí oníṣòwò tí ó lè fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣe ètò ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí báńkì tí yóò fi ọkàn balẹ̀ yá a lówó.

Àwọn tí ń gbèjà àyẹ̀wò náà yóò wí pé òtítọ́ ni ó ń wá, pé bí iye náà bá ń yí, ìwà oníṣòwò ni ó ń yí. Àwa ti wo iye ti títà-dànù nìkan, a sì rí ohun mìíràn níbẹ̀. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dá lórí 2017 àti 2018, nígbà tí pákó ń tà dáadáa fún ọ̀pọ̀ nínú àkókò náà: iye rẹ̀ jẹ́ 1.57. Èkejì dá lórí 2019, ọdún tí ọjà kò yá: ó di 11.59. Ẹ̀kẹfà dá lórí 2023, nígbà tí èlé owó ga ní Amẹ́ríkà, tí ìkọ́lé dín kù, tí iye pákó sì já wálẹ̀: ó di 20.56. Nígbà tí ọjà bá dá, gbogbo àwọn tí ń la pákó, ìbáà ṣe ní Oregon, ìbáà ṣe ní Ontario, ni wọ́n máa ń tà ní iye tí kò tó owó tí wọ́n ná, kí àwọn ẹ̀rọ má baà dákẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà tú ká. Ṣùgbọ́n ará Ontario nìkan ni òfin ń pè ní ẹni tí ń tà dànù. Ará Oregon, oníṣòwò tí ọjà kò gbè ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dá owó ni wọ́n ń fìyà jẹ, kì í ṣe ìwà ibi.

Ọgbọ́n ìṣirò kan tún wà tí àwọn olùkọ́ yóò fẹ́ràn láti fi dán àwọn ọmọ kíláàsì wọn wò. Ká ní iye tí ó tọ́ fún ìdì pákó kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là. Oníṣòwò kan ta ìdì kan ní àádọ́rùn-ún, ó ta èkejì ní àádọ́fà. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, igba dọ́là ni, kò sí títà-dànù kankan. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ní ọ̀nà kan, tí ó ń lò nígbà tí ó bá wí pé iye tí oníṣòwò ń tà yàtọ̀ jù láti ibì kan sí ibì kan tàbí láti ìgbà kan sí ìgbà kan, nínú èyí tí wọ́n ń ka mẹ́wàá tí ó dín lára ìdì àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ń ka mẹ́wàá tí ó lé lórí èkejì sí òdo. Mẹ́wàá nínú igba, 5 nínú ọgọ́rùn-ún: oníṣòwò ti di ẹni tí ń tà dànù. Iye pákó sì jẹ́ ohun tí ó máa ń yàtọ̀ láti ìgbà kan sí ìgbà kan. Ní oṣù Ẹ̀bìbí 2021, iye ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ pákó lé ní 1,600 dọ́là lórí ọjà Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó dé ìparí oṣù Ògún, kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀ mọ́. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ń wá ìyàtọ̀ kò lè ṣe kí ó má rí i.

Àjọ Òwò Àgbáyé ti bu ẹnu àtẹ́ lu kíka-èrè-sí-òdo yìí nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Lórí pákó, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan gba Amẹ́ríkà láyè ní 2019 láti lò ó lọ́nà kan, Kánádà sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Ògún 2020, ìgbìmọ̀ mìíràn dá Kánádà láre púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìrànwọ́, Amẹ́ríkà náà sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tirẹ̀. Ibi tí àwọn ìwé ẹjọ́ méjèèjì lọ nìyẹn. Láti oṣù Ọ̀pẹ̀ 2019 ni ilé-ẹjọ́ àgbà ti Àjọ náà kò ti ní iye adájọ́ tí ó lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ tuntun, nítorí Amẹ́ríkà kọ̀ kí a yan ẹlòmíràn sí ipò àwọn tí àkókò wọn pé.

Àwọn kan yóò wí pé bí owó náà kò bá tọ́, a ó dá a padà lẹ́yìn ẹjọ́. Ó dára kí wọ́n rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìjà tí ó kọjá. Àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí àdéhùn òwò NAFTA gbé kalẹ̀ ti wí pé kò sí ẹ̀rí tí ó tó pé pákó Kánádà fẹ́ ṣe ìpalára fún àwọn olùlàpákó Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tí ó ga jù nínú ètò náà sì fi ọwọ́ sí i ní oṣù Ògún 2005. Síbẹ̀ owó kò jáde. Nígbà tí àdéhùn 2006 dé, owó tí ó wà nílẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Bílíọ̀nù kan nínú rẹ̀ kò padà sí Kánádà mọ́, ìdajì bílíọ̀nù náà sì lọ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n pe ẹjọ́. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2000 tí ó ní kí a máa pín irú owó ibodè bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó mú ẹ̀sùn wá. Àjọ Òwò Àgbáyé dá a lẹ́bi ní 2003, ó sì di 2006 kí wọ́n tó fagi lé e. Ẹni tí yóò pín nínú owó ìtanràn kò yẹ ní ẹni tí ń fi ẹjọ́ sùn.

Ta wá ni ń san án? Ní ti ìwé, àwọn ilé-iṣẹ́ Kánádà ni, nítorí àwọn fúnra wọn ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó kó ọjà wọlé lójú òfin, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là wọn ni ó sì ti wọlé sọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà láti 2017. Ṣùgbọ́n pákó Kánádà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin pákó tí Amẹ́ríkà ń lò. Bí ẹrù bá wúwo lórí ìdá kan nínú mẹ́rin ọjà, iye gbogbo ọjà ni yóò gbọ́ ọ, nítorí olùlàpákó Alabama kò ní máa ta tirẹ̀ ní pọ́ọ́kú nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ti gbé owó lórí. Pákó ni egungun ilé wọn lọ́hùn-ún bí búlọ́ọ̀kù ti jẹ́ egungun ilé tiwa: òun ni ògiri, òun ni àjà, òun ni òrùlé. Ẹgbẹ́ àwọn akọ́lé Amẹ́ríkà kò dẹ́kun láti máa kígbe pé owó yìí ń mú ilé wọ́n sí i fún àwọn tí kò tíì ní ilé rárá.

Ní ìhà àríwá ààlà, ọ̀rọ̀ náà wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́. Ní oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀ 2024, Canfor kéde pé òun yóò ti ilé ìlapákó méjì pa ní British Columbia, ọ̀kan ní Vanderhoof, ọ̀kan ní Fort St. John. Nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta òṣìṣẹ́ ni ó kàn. Ní ìlú kékeré bíi Vanderhoof, bí ilé ìlapákó bá tì, ilé ìtajà ń tẹ̀lé e, ilé ẹ̀kọ́ náà ń sọ ọmọ nù. A kò ní tan yín pé owó ibodè nìkan ni ó fà á. Kòkòrò tí ń jẹ igi páìnì ti ba púpọ̀ jẹ́ nínú igbó British Columbia láti bí ọdún mélòó kan ṣáájú 2000, igi tí ó kù láti gé kò sì pọ̀ bí ti àtijọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá gbé gbogbo rẹ̀ ka orí Amẹ́ríkà, òṣèlú ni ó ń ṣe.

Àwọn ńlá ti wá ọ̀nà tiwọn. Canfor, West Fraser àti Interfor, tí gbogbo wọn jẹ́ ilé-iṣẹ́ Kánádà, ti ra ilé ìlapákó púpọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí owó ibodè kò lè dé. Ohun tí wọ́n bá pàdánù ní òkè ààlà, wọn a máa rí díẹ̀ gbà níbẹ̀ nígbà tí iye pákó bá wọ́n. Àwọn kéékèèké tí wọn kò ní ẹsẹ̀ kejì ni omi ń gbé lọ. Ìjọba Kánádà gbìyànjú láti dì wọ́n mú. Ní oṣù Ògún 2025, Olórí Ìjọba Mark Carney kéde ìrànwọ́ tí ó tó bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù dọ́là Kánádà fún àwọn tí ń la pákó. Ẹ kíyè sí i: owó tí a fi ń jẹ ìrànwọ́ níyà ti bí ìrànwọ́ tuntun, kò sì ní yà wá lẹ́nu bí Amẹ́ríkà bá tún ka èyí náà mọ́ wọn lọ́rùn nínú àyẹ̀wò tí ń bọ̀.

A kò sọ pé kí Amẹ́ríkà fi àwọn olùlàpákó tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń gba igi ní ọ̀fẹ́. Àwọn náà ní ìyàwó àti ọmọ, ọ̀pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ wọn ni ó sì ti tì pa ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ohun tí àwa rí pé ó kù díẹ̀ káàtó ni ìbéèrè tí àyẹ̀wò náà ń bi. Ó ń bi pé: ǹjẹ́ wọ́n tà dànù? Mélòó ni? Ǹjẹ́ ó pa àwọn olùlàpákó wa lára? Kò sí ibi kan nínú òfin náà tí ó pọn dandan kí a ti bi pé: kí ni yóò jẹ́ ti ẹni tí ń ra pákó? Ní Yúróòpù, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ire gbogbo ìlú kí wọ́n tó fi irú owó yìí lélẹ̀. Ní Kánádà pàápàá, àyè wà nínú òfin láti dín owó náà kù bí ó bá ń ni ará ìlú lára. Amẹ́ríkà kò ní irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá sì ti ti ìlẹ̀kùn yìí, ohun kan ṣoṣo tí ó ti ń mú àlàáfíà wá ni àdéhùn láàrin ìjọba méjèèjì. Bí ó ti rí ní 1986 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní 1996 àti ní 2006. Èrò wa ni pé ibẹ̀ náà ni wọn yóò padà sí, ìbáà pẹ́ títí, ṣùgbọ́n ní oṣù Ọ̀wàrà 2025, Ààrẹ Trump dá ìjíròrò òwò pẹ̀lú Kánádà dúró nítorí ìpolówó kan tí ìjọba Ontario ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ pákó sì bá a lọ.

Nàìjíríà náà ní òfin irú èyí. Ní 1958, ọdún méjì ṣáájú òmìnira, ni a ti ṣe òfin owó ibodè lórí ọjà títà-dànù àti ọjà onírànwọ́, ó sì wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ wa ti 2004. Ohun tí ìjọba wa ti máa ń ṣe ju èyí lọ ni kí ó kúkú fi òfin de ọjà pátápátá, bí ó ti ṣe sí àga àti tábìlì ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àwọn tí ń ṣe òfin bá fẹ́ jí òfin 1958 dìde lọ́jọ́ kan, àwa yóò fẹ́ mọ̀ ṣáájú iye ọjọ́ tí àyẹ̀wò yóò gbà, ìwé ìṣirò ẹni tí wọn yóò wò, àti ibi tí olùrà yóò jókòó sí ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ní ti pákó Kánádà, oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdọọdún ni àyè máa ń ṣí sílẹ̀ ní Washington fún ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè àyẹ̀wò tuntun. Olùlàpákó Amẹ́ríkà lè béèrè. Olùlàpákó Kánádà lè béèrè, ìjọba rẹ̀ lè béèrè, ẹni tí ń kó pákó wọlé náà lè béèrè. Orúkọ ẹni tí ń kọ́lé kò sí nínú wọn.